Sanders of the River: Ìwé, Sinimá, àti Ẹnu Tí A Pa Mọ́

Ní 1911 ni Edgar Wallace, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Sanders of the River jáde. Ní 1935, lẹ́yìn ikú rẹ̀, Zoltan Korda sọ ọ́ di sinimá, ó sì fi ìtàn náà sí Nàìjíríà. Ajẹ́lẹ̀ ni Sanders. Nígbà tí ó lọ sinmi, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ó ti kú, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ìlú rọrùn. Ìtumọ̀ èyí kò fara sin: láìsí ajẹ́lẹ̀, ènìyàn dúdú kò lè ṣe ìjọba ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn ni a fi ń wò ó. Iṣẹ́ Korda ní ẹwà tirẹ̀. Áfíríkà gan-an ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú àwòrán ọkọ̀ ojú omi àti ijó inú rẹ̀. Ohùn Paul Robeson, tí ó ṣe Bosambo, kò ṣeé gbàgbé. Orlando Martins, tí a bí ní Èkó ní 1899, kópa níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe àìsí ènìyàn dúdú ni àbùkù sinimá yìí. Àìsí èdè wọn ni.

Níhìn-ín ni ìwé àti sinimá ti yapa. Wallace kò bọ̀wọ̀ fún àwọn ará odò, ṣùgbọ́n ó gbà pé wọ́n ní èdè, àti pé Sanders ní láti gbọ́ ọ kí ó tó lè ṣèjọba. Bosambo inú ìwé jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu dọ́gbọ́n sí ajẹ́lẹ̀ pàápàá. Nínú sinimá, ó di ìránṣẹ́ olóòótọ́. Ọba Mofolaba, tí orúkọ rẹ̀ dún bí ti Yorùbá létí, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Èdè ilẹ̀ wá di ariwo lẹ́yìn ìlù. Ó dunni jù nítorí pé Robeson ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Áfíríkà ní London ní 1934. Òun fúnra rẹ̀ kọ sinimá náà sílẹ̀ ní gbangba nígbà tí ó yá.

Ní 1938, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ìrìn àjò eléwu ni òun náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọdẹ, iwin àti ọba inú rẹ̀ fi ń jiyàn, tí wọ́n fi ń gbàdúrà, tí wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún kan náà ni Paul Hazoumé, ọmọ Porto-Novo, gbé Doguicimi jáde. Faransé ni ó fi kọ ọ́, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ààfin Danxomɛ sọ tẹnu rẹ̀.

Ní Ganhi, ní Kútọnu, Faransé ni ó wà lára pátákó ilé ìfowópamọ́, ṣùgbọ́n Fọ̀n, Gùn àti Yorùbá-Nàgó ni ọjà fi ń ná. Àgbà tí ó ń kọ́ ìwé kíkà níbẹ̀ kì í ṣe odi. Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi irú ìtàn Sanders dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí ó má fi í pamọ́, kí ó má sì kàn túmọ̀ rẹ̀ lásán. Kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn: Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Èdè wo ni? Kí ni ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ ì bá ti wí? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní èdè tiwọn. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ “mé jẹ”.