Níbo Ni Ẹni Tí Ó Kọ Ọ́ Dúró Sí? Lórí Yíyan Ìwé Ọgbà fún Bantè àti Savalou

Ìwé tí ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń dá ọgbà ewébẹ̀ pọ̀ lóde. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìwé tí ó sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ irú ilẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí àti bí òjò ti ń rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olùfẹ́ ìwé nìkan. Ní agbègbè wa, owó tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́gbà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lè yà sọ́tọ̀ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ti ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Bí wọ́n bá ṣì í yàn, irúgbìn yóò ṣòfò, àsìkò yóò sì kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ tí ó ka ìwé náà yóò gbà pé ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé àti ohun tí ìyá òun ń ṣe lóko kò lè bá ara wọn mu láé. Lójú olùkọ́, èyí ni àdánù tí ó wúwo jù.

Kí ni a ń pè ní ìwé ọgbà agbègbè? Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan láti òkèèrè. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Sunset Western Garden Book, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1954. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìwé tí àwọn ọlọ́gbà ibẹ̀ gbọ́kàn lé ni pé ó pín apá ilẹ̀ náà sí agbègbè ojú ọjọ́ 24. Òǹkàwé a kọ́kọ́ wá agbègbè tirẹ̀ kí ó tó bèèrè ohun tí yóò gbìn. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí rọrùn: kò sí ìmọ̀ràn ọgbà tí ó dára níbi gbogbo. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á bi ìwé kan, kí á tó bi í pé kí ni ó mọ̀, ni pé níbo ni ẹni tí ó kọ ọ́ dúró sí nígbà tí ó ń kọ ọ́. Mo rí ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà bi ìwé ní ìbéèrè yìí ní Bantè àti Savalou.

Èkíní ni òjò. Ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́, òjò ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìsinmi kúkúrú sì wà láàárín méjèèjì, ní nǹkan bí oṣù Ògún. Ní àríwá, ní ìhà Parakou, àsìkò òjò kan ṣoṣo ni ó wà. Àárín àwọn méjèèjì ni àwa wà. Bí a bá ti ń gòkè láti Savalou lọ sí Bantè ni ààlà àárín òjò méjèèjì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọdún kan wà tí a ń rí ìsinmi oṣù Ògún dáadáa, ọdún mìíràn wà tí a kò rí i rárá. Ìwé tí ó bá pàṣẹ pé kí á fún irúgbìn tìmátì ìgbà kejì ní ọjọ́ báyìí, láì sọ pé etíkun ni òun ń bá wí, kò purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Bí ó ti rí fún òjò ni ó rí fún ilẹ̀. Àwọn ọlọ́gbà Kútọnu àti ti Grand-Popo ń ṣiṣẹ́ lórí yanrìn etíkun, níbi tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń bomi rin ọgbà wọn yíká ọdún. Ní tiwa, ẹ̀ka tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Collines, ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ ni ó wà ní ẹsẹ̀ òkè, ọgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì wà ní àkùrọ̀, níbi tí omi òjò ti rọra fà sẹ́yìn. Àkùrọ̀ ni ó ń fún àwọn obìnrin wa ní ewébẹ̀ tí wọ́n ń tà nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí ewébẹ̀ sì wọ́n lọ́jà. Ìwé tí ó bá sọ̀rọ̀ ọgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò dárúkọ àkùrọ̀, tí kò sọ bí a ti ń la ojú omi rẹ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí á sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó ti fo ìdajì ọdún wa dá.

Èkejì ni orúkọ. Níbí ni ìwé tí a kọ fún ilẹ̀ Faransé ti ń ṣi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́nà jù. Gbogbo wa ni a ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe tẹ̀tẹ̀ ní « épinard » bí wọ́n bá ń sọ Faransé. Ṣùgbọ́n épinard inú ìwé Faransé jẹ́ ewébẹ̀ mìíràn, ọmọ ilẹ̀ tútù, tí í yára yọ òdòdó tí í sì di aláìwúlò bí ooru bá mú un. Ọmọ tí ó bá tẹ̀lé ohun tí a kọ nípa épinard láti fi gbin tẹ̀tẹ̀ yóò wá òjìji níbi tí tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ oòrùn. Bákan náà ni « morelle »: ìwé tí a kọ fún ọlọ́gbà Faransé a máa kìlọ̀ pé koríko olóró ni, kí á fà á tu. Ní ọjà wa ńkọ́? « Grande morelle » ni orúkọ Faransé tí a fún gboma, ewébẹ̀ tí kò sí ọjọ́ ọjà tí a kì í rí i. Sòkò tí a ń fi se ọbẹ̀, òdòdó ọ̀ṣọ́ tí ó dà bí ogbe àkùkọ ni wọ́n ń gbin ìbátan rẹ̀ fún níbẹ̀. Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Nínú ìwé tí kò mọ̀ wá, tẹ̀tẹ̀ ń tẹ́, nítorí ojú ewé tí a ti ń sọ̀rọ̀ koríko ni wọ́n fi í sí.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń ra ìwé wo ohun tí ìwé náà ní kí á fà tu. Ìwé tí ó bá ní kí á fa oúnjẹ wa tu kì í ṣe ìwé wa, bí àwòrán inú rẹ̀ ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ó sì yẹ kí ìwé náà mọ̀ pé orúkọ kan kò tó ní ìlú tí a ti ń sọ Itcha, Ifẹ̀, Máhì àti Fọ̀n. Ewédú ni a ń pè é, adémè ni ti aládùúgbò wa, crin-crin ni ti Faransé ọjà, Corchorus olitorius sì ni orúkọ tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Ìwé tí ó bá fún wa ní orúkọ Látìn pẹ̀lú orúkọ ìlú ti fún wa ní afárá tí gbogbo ilé lè gbà kọjá.

Ẹ̀kẹta ni ọdún tí a tẹ ìwé náà, ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò sì ni ó fà á. Àgbègbè olówùú ni a wà. Oògùn tí a rà fún òwú kì í pẹ́ dé orí tìmátì àti orí gboma. Ní àsìkò òwú 1999 sí 2000, endosulfan pa àwọn ènìyàn ní Borgou, ní àríwá wa. Ní 2011, wọ́n fi oògùn yìí sínú àwọn tí àdéhùn Stockholm fẹ́ mú kúrò ní gbogbo ayé. Ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà kò lè mọ èyí. A lè kọ́ bí a ti ń to ebè àti bí a ti ń pààrọ̀ irúgbìn nínú ìwé àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ orúkọ oògùn tàbí ìwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀.

Pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ kí á yẹ àwọn ìwé tí orúkọ wọn sábà máa ń jẹ yọ wò.

Le potager tropical tí C.-M. Messiaen kọ, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ìdá mẹ́ta ní 1974 sí 1975, ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá. Onímọ̀ àìsàn ohun ọ̀gbìn ni Messiaen, ó sì ṣiṣẹ́ ní Guadeloupe. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí tìmátì fi ń rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, tí kò sì sí oògùn tí a lè fín tí yóò jí i, kí ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n erékùṣù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nígbà tí ó ń wo ọ̀pọ̀ ohun tí ó kọ. Kí á gba ìmọ̀ rẹ̀ nípa àìsàn, kí á sì fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀.

Ìdá kejì ìwé PROTA, tí ó dá lórí ewébẹ̀, tí Grubben àti Denton ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2004, sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewébẹ̀ Áfíríkà ni ó jẹ ẹ́ lógún: gboma, sòkò, ewédú àti ewúro wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, pẹ̀lú bí a ti ń gbìn wọ́n, àìsàn wọn àti ìkórè wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo Áfíríkà ilẹ̀ olóoru ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni, ó sì tóbi. Olùkọ́ ni yóò kà á kí ó tó túmọ̀ rẹ̀ fún kíláàsì.

Traditional Vegetables in Benin, tí Achigan-Dako àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, tí INRAB gbé jáde ní Kútọnu ní 2010, ni ó dáhùn ìbéèrè orúkọ dáadáa jù. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni àwọn tí ó kọ ọ́ dúró sí. Ewébẹ̀ ìbílẹ̀ nìkan ni ó gbájú mọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí i pé kò kọ́ òun ní àlùbọ́sà tàbí kárọ́ọ̀tì.

Ìwé Simone de Souza lórí orúkọ ewéko ní àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa, tí ó jáde ní 1988, kì í ṣe ìwé ọgbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyíkéyìí tí a bá yàn. Ewé tí Pierre Verger kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Brazil ní 1995, ni ó máa ń fa ojú àwọn ọmọ Yorùbá mọ́ra jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ọmọ Faransé tí ó di babaláwo ní Kétu ni ó kọ ọ́, orúkọ ewé wa sì kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ewé ń ṣe lẹ́yìn tí a bá já a ni ó ń sọ. Kò wá láti kọ́ wa bí a ti ń gbìn ín. Ẹni tí ó bá rà á fún ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti ra ìwé ńlá fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ni owó wa ká, ìwé INRAB ti 2010 ni èmi yóò mú. Mo mọ̀ pé àwọn tí ń gbin tìmátì fún títà yóò sọ pé Messiaen ni yóò wúlò fún wọn jù, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀. Ìdí tèmi nìyí: olùkọ́ tìmátì pọ̀ káàkiri ayé, kò sì sí ìlú tí a kò ti lè rí ìwé kà nípa rẹ̀. Bí a kò bá ra ìwé tí ó sọ̀rọ̀ gboma àti sòkò, tí a kò kà á, tí a kò sì fi kọ́ ọmọ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa ṣe é. Bí owó bá tó méjì, kí PROTA tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò fún wa ní kàlẹ́ńdà Bantè tàbí ti Savalou. Ìwé àjákọ lásán ni yóò ṣe èyí: kí kíláàsì kan máa kọ ọjọ́ òjò àkọ́kọ́, ọjọ́ tí a fún irúgbìn, ọjọ́ tí omi àkùrọ̀ fà, kí ó sì fi lé kíláàsì tí ń bọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìwé yẹn yóò mọ ohun tí Messiaen kò mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì dé ilé ìtàwé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán. Ẹ wá ewédú. Ṣé ó wà níbẹ̀? Ṣé ìwé náà mọ̀ pé a máa ń ki irúgbìn rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀ kí èèpo líle rẹ̀ tó jẹ́ kí ó hù? Ẹ wá gboma, kí ẹ wò bóyá oúnjẹ ni tàbí koríko. Ẹ wá ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gba orúkọ oògùn kan gbọ́. Ìwé tí ó bá kùnà nínú méjì nínú mẹ́ta yìí, ẹ rọra dá a padà sórí àtẹ.