Ta ni yóò padà wọlé? Kíka ìwé Peter Marris ní Sakété

Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín dàgbà jù mí lọ. Ọdún 1961 ni Peter Marris tẹ Family and Social Change in an African City jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ti Sùúrùlérè sọ̀rọ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Èdè Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó bá a pàdé. Àwọn olùkọ́ wa kì í sábà yà sí Èkó, bẹ́ẹ̀ ni láti Sakété, Èkó sún mọ́ wa ju Parakou lọ fíìfíì.

Ní 1955, Lagos Executive Development Board, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ń jà, bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n fẹ́ la títì, kí wọ́n tún ilẹ̀ pín, kí wọ́n sì tà á fún ẹni tó lè kọ́lé tó bá òfin mu. Wọ́n ní onílé àtijọ́ láǹfààní láti ra ilẹ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ lára àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè.

Ibi tí ìwé yìí ti dùn ún kà jù ni ibi tí ó ti ń ka owó kékeré. Obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé kò pàdánù òrùlé nìkan: oníbàárà rẹ̀ àti ẹni tó ń ta ọjà àwìn fún un ti di ará ọ̀nà jíjìn. Àgbàlagbà tí ẹbí ń yà kí ní àárọ̀ di ẹni tí a ń wá owó ọkọ̀ kí a tó lè rí. Marris kò sì fi nǹkan pa mọ́. Ó gbà pé àwọn kan fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ibi tuntun.

Àléébù rẹ̀, lójú tèmi, ni pé ó mọ ẹni tó jáde ju ẹni tó wọlé lọ. Ta ló ra ilẹ̀ náà? Bánkì wo ló yá a lówó? Òjìji lásán ni oníṣòwò ilé nínú ìwé náà. Bóyá ó tètè kọ ọ́ ni, nítorí àtúnkọ́ kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí Màrókò, tí ìjọba wó ní oṣù keje 1990, tí ilé olówó sì gba ipò rẹ̀, yóò mọ̀ pé òjìji yẹn gan-an ló yẹ ká wò.

Èmi náà ń wò ó báyìí. Oníṣòwò ilé kan ti wá bá àwọn bàbá wa ní Sakété. Ó fẹ́ wó agbo ilé wa, kí ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó ta èyí tó wọ́n fún olówó, kí ó sì fi èyí tó rọjú sílẹ̀ fún wa. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé ilé, ọwọ́ mi ni wọ́n kó ìwé lé. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí mixité sociale, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ láti inú òfin ilẹ̀ Faransé ti ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2000, tó ní kí ilé aláìlówó tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀pọ̀ ìlú, tí wọ́n sì sọ di 25 ní 2013. Nínú ìwé tiwa, kò sí ìdá kankan. Àti pé ta ni wọ́n fẹ́ dà pọ̀ mọ́ ta? Dòúáníẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ọlọ́kadà zémíjàn àti ìyá tó ń fọ epo ni wọ́n jọ ń fa omi láti inú kànga kan náà lágbo ilé wa.

Títí iṣẹ́ yóò fi parí, Pobè ni yóò kó wa lọ. Kò kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ síbẹ̀. Kò sì dárúkọ ibojì tó wà nínú ilé. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ló fìdí ohun ìní múlẹ̀. Ìwé tiwa kò tíì dé ibẹ̀. Ó ní òun yóò gbà á ní orúkọ ilé-iṣẹ́ òun, nítorí owó bánkì. Bí gbèsè bá wó lé e lórí, ilẹ̀ wa ni bánkì yóò gbé. Ètò ìjọba ní Ouèdo, lábẹ́ SImAU, kò ní irú ewu yìí, àmọ́ ẹni tó ń gbowó oṣù ni sísan díẹ̀díẹ̀ rọ̀ lọ́rùn, kì í ṣe ìyá elépo.

Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ kí n sọ pé rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló dá mi lẹ́kun. Ó ní kí n má fi agbo ilé ṣe orin. Òfin ẹbí ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004 fún ọmọbìnrin ní ìpín kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó fi yàrá kan hàn án pé tirẹ̀ nìyí. Owó oníṣòwò yìí, ó ní, ni àkọ́kọ́ tí wọn yóò pín lójú òun. Marris náà kò dá a lóhùn. Ẹbí tó kọ nípa rẹ̀ ń fọ́nká, kò béèrè tó bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ti kọ̀wé padà pé kí titre foncier jẹ́ ti ẹbí, kí a ka iye ìdílé tó jáde àti iye tó gbọ́dọ̀ padà, kí ọjọ́ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè bóyá orúkọ òun wà nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ padà. Kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n tẹ̀. Mo fi bírò kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo kọ tèmi tẹ̀ lé e. Nótéèrì kò tíì fèsì.