Ètò Ìlú Ọlọ́dún Mẹ́jọ ní Vermont

Ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù ní Vermont, ìpínlẹ̀ olókè àti onígbó ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ètò ìlú tí wọ́n kọ sílẹ̀: ìwé tó sọ ibi tí ilé yóò wà, ibi tí oko àti igbó yóò wà, àti ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí. Ohun tó jẹ́ kí n ka ètò yìí sí pàtàkì ni pé òfin kò fún un ní ẹ̀mí gígùn. Ọdún márùn-ún ló ń lò tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí láti oṣù Keje ọdún 2015 wá ń lo ọdún mẹ́jọ.

Nínú ìwé náà, àwòrán ilẹ̀ ló máa ń gba ojú jù. Àwọ̀ kan dúró fún igbó, òmíràn fún oko, òmíràn fún ilé gbígbé. Àlàyé tó bá a rìn dá lórí ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́, iná mànàmáná àti àwọn ilé àtijọ́ tó yẹ kí wọ́n dá sí. Ètò náà kì í ṣe òfin ìkọ́lé. Òun ni ìpìlẹ̀ tí òfin ìkọ́lé ìlú dúró lé.

Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ aṣètò ìlú ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kò lè kàn fi ọjọ́ tuntun sí ìwé àtijọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ìsọfúnni inú rẹ̀ wò. Ó kéré tán, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìpàdé ìtagbangba, wọ́n ní láti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú tó bá wọn pààlà, torí odò kì í mọ ààlà. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú yóò pe ìpàdé tirẹ̀: ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan ní ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò ju 2,500 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ní èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ tó fẹ́ ta ilẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gé igbó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Lójú tèmi, ìpàdé yìí níye lórí ju ìwé náà lọ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjì òjò Irene mú kí àwọn odò Vermont kún àkúnya. Omi gbé afárá àti ọ̀nà lọ, kò sì sí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ láti wọ ìlú 13. Bèbè odò ni ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ wà, torí pé omi ló ń yí ẹ̀rọ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n dó. Láti oṣù Keje ọdún 2014, òfin pàṣẹ pé kí ètò ìlú ní abala lórí omíyalé: kó fi ibi tí odò lè ya dé hàn, kó sì dáàbò bo àbàtà àti igbó tó ń fa omi mu. Nígbà tí omi bo àárín Montpelier, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ní oṣù Keje ọdún 2023, ìdí tí abala yẹn fi wà tún hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ètò tí àsìkò rẹ̀ kò tíì kọjá ń gbèjà ìlú. Lábẹ́ Act 250, òfin ọdún 1970 tó ń bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ètò ìlú mu kó tó gba ìwé àṣẹ. Bí ìlú bá jẹ́ kí ètò rẹ̀ kú, òfin ìkọ́lé tó wà nílẹ̀ ṣì múlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè tún ohunkóhun ṣe nínú rẹ̀ títí ètò tuntun yóò fi wà.