“Ikú òjijì” àti “ó máa ń ràn”

Gbólóhùn méjì ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. A máa ń gbọ́ wọn ní Rẹ́mọ níbí, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹni tó ní wárápá bá sùn tí kò jí mọ́.

Àkọ́kọ́ ni “ikú òjijì.” Ó fẹ̀ jù. Ìjàǹbá ọkọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú àpò kan náà. Ní 1997 ni àwọn oníṣègùn fún ikú tí mò ń wí yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀, SUDEP: ẹni tó ní wárápá kú lójijì, kò rì sómi, kò fara pa, àyẹ̀wò òkú kò sì rí ohun mìíràn tó pa á. Nínú 1,000 àgbàlagbà tó ní wárápá, bí ẹnì kan ló ń bá a lọ lọ́dọọdún. Òru ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Wárápá á gbé e, lẹ́yìn náà mímí á dúró, ọkàn á sì dúró. Àwọn tí oògùn kò ká tiwọn ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún. Àwa mú “òjijì,” a ju àìsàn náà nù. Mo dábàá “ikú òjijì wárápá.”

Ìkejì, “ó máa ń ràn,” ló bí mi nínú jù. Kì í ràn! Itọ́ tó ń hó lẹ́nu aláìsàn kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Àìsàn náà kò sì ṣọ̀wọ́n: ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà, tó jáde ní 1987, rí bí ẹni 5 nínú 1,000. Ṣùgbọ́n nítorí gbólóhùn yìí, a ń ya yàrá aláìsàn sọ́tọ̀, a sì ń sá tó bá ṣubú. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí kan láti Sweden ní 2020 fi hàn pé ẹni tí wárápá ńlá ń gbé, tó sì ń dá sùn, ni ewu ikú yìí pọ̀ lórí jù. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló sọ ọ́ di ẹni tó ń dá sùn.

Àwọn kan ní ká má dárúkọ ikú yìí fún ẹbí, kí ẹ̀rù má bà wọ́n. N ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè ṣọ́ra. Tó bá gbé e, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ dúró tì í. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Kó má fo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tí oògùn méjì kò bá ká a, ẹ mú un lọ bá oníṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá, irú ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Ṣágámù.

Lálẹ́ òní, ẹ tẹ́ ẹní yín sítòsí tirẹ̀.