Sẹ̀gilọlá àti Ẹ̀tọ́ Òǹkàwé Ìwé Ìròyìn

Ète wa nínú àyẹ̀wò kékeré yìí ni láti wo ẹ̀gbẹ́ kan lára Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá tí àwa olùkọ́ kì í sábà mẹ́nu bà. Ìtàn àròsọ ni a mọ̀ ọ́n sí; ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn àròsọ ni wọ́n pè é nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde.

Láàárín ọdún 1929 sí 1930 ni ó ń jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀. Lẹ́tà ni ó jọ. Obìnrin Èkó kan tí ó ti darúgbó, tí àìsàn sì ti dá dùbúlẹ̀, ń jẹ́wọ́ ìwà àgbèrè rẹ̀ fún olóòtú. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀.

Ní ti ọgbọ́n ìsọ̀tàn, a kò rí ohun tí a ó bù kù. Òpópónà tí ará Èkó ń rìn àti orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹwà rẹ̀ wà gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ra ìwé ìtàn mọ̀ pé ìtàn ni òun rà. Ẹni tí ó ra ìwé ìròyìn gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni òun ń kà. Olóòtú tí ó yẹ kí ó wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí ni ó tún di ẹlẹ́rìí. Àwọn kan lè wí pé ẹ̀kọ́ ìwà rere ni ó fi kọ́ni. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi irọ́ kọ́ni ní ìwà rere, ẹ̀kọ́ wo ni a kọ́ni nípa irọ́?

Ǹjẹ́ òfin ìjọba lè tún un ṣe? Òfin Ológun Kẹrin ọdún 1984 fi ìyà sí ìròyìn èké, ṣùgbọ́n ó tún fi ìyà sí èyí tí yóò sọ aláṣẹ di ẹni yẹ̀yẹ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian ṣe ẹ̀wọ̀n lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn ₦50,000 lé ilé-iṣẹ́ wọn. Aláṣẹ ni òfin náà dáàbò bò, kì í ṣe òǹkàwé. Ọdún 1985 ni wọ́n pa á rẹ́. Ìlànà tí àwọn oníròyìn fúnra wọn fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní ọdún 1998 sàn jù ú lọ: kí oníròyìn ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó rò, kí ó sì tètè ṣàtúnṣe bí ó bá ṣì í kọ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, àwa akọ́mọlédè. Ní Ọ̀yìngbò tí a ti ń kọ́ni, a rán kíláàsì kan lọ sí ọjà láti kọ ìròyìn nípa ọ̀wọ́n gógó ata. Ọmọ kan gbé ọ̀rọ̀ ìyá aláta kan kalẹ̀ lọ́nà tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fún un ní máàkì tí ó ga jù lọ. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ pé òun kò dé ọjà rárá. Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Àwa náà kò mọ̀. Òwe àti àkànlò èdè ni a ń wá. A kò bèèrè ẹlẹ́rìí.

Àbá wa nìyí. Kí àwa tí ń máàkì ìdánwò máa béèrè pé kí ọmọ sọ ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tàbí kí ó kọ “àròsọ” sí òkè ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Thomas ì bá kọ. Nísinsìnyí tí a mọ̀ pé àròsọ ni Sẹ̀gilọlá, adùn rẹ̀ kò dín kù. Irọ́ náà kò pọn dandan.