Afárá Faidherbe Kì í Ṣe Tòkunbọ̀

 Mo jẹ yín ní gbèsè kan, mo sì fẹ́ san án lónìí. Àwọn tó jókòó ní kíláàsì mi lára yín yóò rántí ìtàn afárá Saint-Louis, ní orílẹ̀-èdè Senegal. Mo máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń ṣàlàyé bí ìtàn ṣe ń rìn láti ẹnu dé ẹnu. Bí òtítọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. N kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti wádìí.

Ìtàn náà lọ báyìí: àwọn Faransé ṣe afárá onírin kan fún odò Danube ní Yúróòpù. Gustave Eiffel, ẹni tí ilé gogoro Paris ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ló ṣe é. Wọ́n ṣèèṣì kó irin rẹ̀ lọ sí Senegal, ni wọ́n bá kúkú tò ó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn yìí wò bí a ṣe ń yẹ gbólóhùn wò.

Ká mú orúkọ Eiffel ná. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ni Nouguier, Kessler et Compagnie, ní Argenteuil lẹ́bàá Paris. Émile Nouguier ti bá Eiffel ṣiṣẹ́ rí; òun àti Maurice Koechlin ló kọ́kọ́ ya àwòrán ilé gogoro yẹn ní 1884. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ Eiffel kí wọ́n tó ṣe afárá yìí. Orúkọ ọ̀gá ló gbé orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ mì.

Danube ńkọ́? Saint-Louis, tí àwọn Wolof ń pè ní Ndar, jẹ́ erékùṣù nínú odò Senegal, nítòsí ibi tí odò náà ti ń wọ inú òkun. Láti 1865 ni afárá kan tó léfòó lójú omi ti so ó pọ̀ mọ́ Sor lódìkejì. Ní 1885, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ti Dakar wá, Sor ló sì ń dúró sí. Ní 1895, ìlú náà di olú ìlú gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1897, wọ́n ṣí afárá onírin yìí. Àbí irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò máa retí kí afárá ẹlòmíràn ṣìnà wá bá a?

Afárá kì í sì í ṣe aṣọ àlòkù tí èèyàn ń wọ̀ wò bóyá yóò bá òun mu. Èyí gùn ju 500 mítà lọ. Bí òpó kan bá ṣe jìnnà sí ìkejì nínú omi ni wọ́n ṣe ń wọn irin tí yóò dúbúlẹ̀ lé wọn. Báwo ni irin tí wọ́n wọ̀n fún odò kan yóò ṣe ṣèèṣì bá odò mìíràn mu láti etí dé etí?

Apá kan sì wà lára rẹ̀ tó ń ṣí. Afárá tó ń ṣí kì í ṣe oríṣi kan. Ti Tower Bridge ní London, tí wọ́n ṣí ní 1894, máa ń gbéra sókè bí ìdérí àpótí. Ti Saint-Louis kì í gbéra. Yíyí ló ń yí. Orí òpó kan ló jókòó sí, irin ọ̀tún àti ti òsì gbé ara wọn bí òṣùwọ̀n, nítorí náà kò gba agbára púpọ̀ láti yí i. Bí ó bá yí tán, ọ̀nà là fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹ lè ní Danube náà ní ọkọ̀. Òótọ́ ni, apá yìí nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó bá ìlú náà mu rẹ́gí: àwọn ọkọ̀ òwò ń gba ibẹ̀ gòkè lọ sí Podor, bí omi bá sì kún, wọ́n ń dé Kayes ní ilẹ̀ Mali òde òní. Èrò ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ sọdá, ọkọ̀ ojú omi sì gbọ́dọ̀ kọjá.

Ẹ wo tiwa. Third Mainland bẹ̀rẹ̀ ní Oworonshoki, ní Kosofe wa níbí. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1990, ó gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí ibì kankan lára rẹ̀ tó ń ṣí. Ìhà òkun ni èbúté Apapa wà. Ọkọ̀ òkun ńlá kò ní ohun tó ń wá lókè ọ̀sà. Omi kọ̀ọ̀kan ló ń sọ irú afárá tó bá a mu.

Kí ló dé tí ìtàn irọ́ yìí fi dùn lẹ́nu wa? Ọ̀rọ̀ kan ní èdè wa ló jẹ́ kó yé mi. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ iyì, orúkọ ọmọ tí a bí lókè òkun tó padà wálé. Lónìí, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀, ẹ ní tòkunbọ̀ lẹ fẹ́: ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò kù ni wọn yóò fi hàn yín. Ojú yẹn la fi ń wo gbogbo nǹkan. A kì í gbà pé ẹnikẹ́ni lè jókòó, kó wọn odò wa, kó sì ya àwòrán tó bá a mu.

N kò sọ pé nítorí ará Ndar ni wọ́n ṣe é o. Nítorí òwò àti ìjọba wọn ni, orúkọ gómìnà tó fi ogun gba ilẹ̀ ni wọ́n sì fún un, bí Èkó ṣe ní Carter Bridge. Ṣùgbọ́n ká sọ pé amúnisìn ló kọ́ ọ fún àǹfààní ara rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ sí ká sọ pé àṣìṣe ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn tí a lè bá jiyàn. Ti ìkejì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Láàárín 2008 sí 2011, wọ́n pààrọ̀ irin tó ti dípẹtà lára afárá náà, wọ́n sì jẹ́ kó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́, bí ẹ bá ti sọ ìtàn Danube fún àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ tún un ṣe. Ẹ ní èmi ni mo ṣì yín lọ́nà.