Carlo Rovelli àti Ẹ̀bi Gírámà

Ní ọdún 1956 ni a bí Carlo Rovelli ní Verona, ní ilẹ̀ Ítálì. Òun àti Lee Smolin wà lára àwọn tí ó wá ọ̀nà láti so ẹ̀kọ́ Einstein nípa òòfà pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tí ó kéré jùlọ. Ní 1995, wọ́n fi ìṣirò hàn pé òfuurufú pàápàá lè ní ẹyọ-ẹyọ bí iyanrìn. Títí di òní, kò sí àyẹ̀wò tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí àkókò, L'ordine del tempo, tí ó jáde ní 2017, ni ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè.

Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé aago orí òkè ń yára ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni, a ti wọ̀n ọ́n. Ó tún ní kí a rò ó pé arábìnrin wa wà lórí Proxima b, tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí ọdún 4 kí ó tó dé: kí ni ó ń ṣe "nísisìyí"? Ìbéèrè náà kò ní ìtumọ̀, ni ó wí. Mo gbà fún un.

Ibi tí n kò ti lè bá a lọ ni ibi tí ó ti di ẹ̀bi ru gírámà. Ó ní èdè púpọ̀ a máa yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà fún ohun tí ó kọjá, èyí tí ó wà, àti èyí tí ń bọ̀, àti pé èyí kò bá bí ayé ti rí mu. Yorùbá ńkọ́? "Olú lọ": ó ti kọjá. "Olú mọ̀ mí": ó wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kò gbé àmì kankan. Ìtumọ̀ wọn ni ó sọ ìgbà fún wa. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí wí pé àwọn baba wa ti mọ ẹ̀kọ́ Einstein, àsọdùn ni.) Síbẹ̀, bí ará Ìbàdàn bá ní àbúrò òun ń sùn ní London, kò ṣiyèméjì pé ìṣẹ́jú kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìrìn ìmọ́lẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì kò tó ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá. Kíkéré ayé wa ni ó ń tàn wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Rovelli fúnra rẹ̀ sì ti ṣàlàyé èyí dáradára, kí ó tó wá lọ pe gírámà lẹ́jọ́.